Ẹ̀kọ́ Kejìlá: Kí ni ọmọ wa yóò máa mu?

  Ẹ ti mọ̀wé kà báyìí. Ẹ jẹ́ ká fi ìwé tí a mọ̀ ọ́n kà tọ́jú ọmọ wa.

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní omi kò lọ́tàá. Òótọ́ ni. Kò sí ẹni tí kì í mu omi. Ṣùgbọ́n bí omi kò bá mọ́, ó lè di ọ̀tá ọmọdé. Ohun mímu tó dùn lẹ́nu náà lè di ọ̀tá rẹ̀. Nítorí náà, ó yẹ kí á mọ ohun tí à ń bu sínú ife ọmọ wa.

Ẹ jẹ́ ká fi Houinmè ṣe àpẹẹrẹ. Àdúgbò kan ni Houinmè ní Àjàṣẹ́, ìlú tí àwọn Gùn ń pè ní Hogbonu, tí ìwé ìjọba ń pè ní Porto-Novo. Bí ẹ bá rìn lójú ọ̀nà níbẹ̀, kí lẹ máa rí? Ẹ máa rí omi tútù inú ọ̀rá. Ẹ máa rí omi ìṣápá pupa tí à ń pè ní bísápù. Ẹ máa rí ẹlẹ́rìndòdò, èyí tí àwọn ará ìlú ń pè ní sucrerie. Ẹ máa rí ọmọkùnrin tó ń fi kẹ̀kẹ́ ta wàrà dídì. Lẹ́bàá ọ̀nà kan náà, ẹ máa rí epo kpayo nínú ìgò. Ojú ọmọ ọdún méjì ń rí gbogbo rẹ̀. Kò mọ èyí tó dára yàtọ̀ sí èyí tó burú. Àwa àgbà ló yẹ kó yàn fún un.

Bí ẹ kò bá tilẹ̀ gbé Àjàṣẹ́, bó jẹ́ Ṣàkẹ́tẹ́ lẹ wà, tàbí Pọ́bẹ̀, tàbí Kétu, tàbí abúlé tó jìnnà sí títì, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín. Ọlọ́jà ń gbé ohun mímu wọ̀nyí dé ibi gbogbo.

1. Ọmọ tuntun: ọmú nìkan títí di oṣù mẹ́fà

Láti ọjọ́ tí a bí ọmọ títí yóò fi pé oṣù 6, ọmú ìyá nìkan ló yẹ kó máa mu. Kò sí omi. Kò sí àgbo. Kò sí omi ṣúgà. Kò sí ẹ̀kọ.

Omi ọmú àkọ́kọ́ máa ń pọ́n díẹ̀, ó sì máa ń ki. Àwọn mìíràn a fún un dànù, wọ́n ní ó ti bàjẹ́. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́. Omi ọmú yẹn ni ààbò àkọ́kọ́ tí ọmọ ń rí gbà lọ́wọ́ àìsàn. Ẹ fi ọmọ sí ọmú láàárín wákàtí kan tí ẹ bí i.

Ọ̀pọ̀ ìjà ilé lórí ọ̀rọ̀ yìí máa ń wáyé láàárín ìyàwó àti ìyá ọkọ. Ẹ gbọ́ bí ó ṣe máa ń rí:

— Ìyàwó mi, oòrùn yìí mú jù. Ọfun ọmọ ti gbẹ. Bu omi díẹ̀ fún un.
— Ẹ ṣeun, Ìyá. Ní ilé ìgbẹ̀bí, wọ́n ní omi wà nínú ọmú.
— Omi nínú ọmú kẹ̀? Gbogbo àwọn tí mo bí ló mu omi, wọ́n sì mu àgbo.
— Bẹ́ẹ̀ ni, Ìyá. Ẹ tọ́ wọn, wọ́n sì yè. A dúpẹ́. Ṣùgbọ́n wọ́n ní ikùn ọmọ kéré. Bí omi bá kún un, kò ní fẹ́ ọmú mọ́. Bí kò bá sì mu ọmú dáadáa, ọmú fúnra rẹ̀ á dín kù. Ẹ jẹ́ kí n fi sí ọmú ní ẹ̀ẹ̀kan sí i. Ẹ̀yin ẹ bá mi gbé omi wá, èmi ni òùngbẹ ń gbẹ.

Ìyàwó yìí gbọ́n. Kò bá ìyá ọkọ rẹ̀ jà. Ó fún un níṣẹ́ ṣe. Ohun tó sọ sì jẹ́ òótọ́. Èyí tó pọ̀ jù nínú omi ọmú jẹ́ omi, ó tó pa òùngbẹ ọmọ, kódà nígbà ọ̀gbẹlẹ̀. Ìyá tó ń fọ́mọ lọ́mú ló yẹ kó máa mu omi dáadáa, kó sì máa jẹun.

Ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ nípa rírọ ọmọ. Àwọn kan máa ń tẹ́ ọmọ sórí itan, wọ́n á di imú rẹ̀, wọ́n á da àgbo tàbí ẹ̀kọ sí i lẹ́nu. Ọmọ tí imú rẹ̀ dí ń wá èémí. Bó bá ti mí, ohun tí a dà sí i lẹ́nu lè gba ọ̀nà èémí lọ sínú ẹ̀dọ̀fóró. Ó lè pa ọmọ lójú ẹsẹ̀. Ó lè fa ikọ́ líle. A kò gbọdọ̀ rọ ọmọ rárá.

Ọ̀rọ̀ oyin ńkọ́? Ní ọjọ́ ìsọmọlórúkọ, a máa ń fi oyin kan ọmọ lẹ́nu kí ayé rẹ̀ lè dùn. Àdúrà dáadáa ni. Ṣùgbọ́n kòkòrò àìsàn kan lè fara pamọ́ sínú oyin, tí ojú kò lè rí. Kò lè ṣe àgbà ní nǹkan. Ikùn ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan kò lágbára tó láti ṣẹ́gun rẹ̀. Ó lè mú kí gbogbo ara ọmọ rọ, kó má lè mí dáadáa. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí ìyá àti bàbá tọ́ oyin wò lórúkọ ọmọ. Ẹ gba àdúrà náà bó ṣe yẹ. Orúkọ á mọ́ ọmọ lára, àdúrà á sì gbà.

2. Láti oṣù 6 dé ọdún 2: ọmú, omi tó mọ́, ẹ̀kọ tó lókun

Bí ọmọ bá pé oṣù 6, ọmú nìkan kò tó o mọ́. Ó yẹ kó bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun, kó sì máa mu omi tó mọ́ díẹ̀díẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má já a lẹ́nu ọmú. Ẹ máa fún un ní ọmú títí yóò fi pé ọdún 2, tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ohun tí a máa ń kọ́kọ́ fún ọmọ ní ilẹ̀ wa ni ẹ̀kọ mímu. Ògì dára. Kíkan tó kan ń dín agbára kòkòrò àìsàn kù. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ tó ṣàn bí omi kò lókun nínú. Ó ń kún ikùn, kò sì ń bọ́ ara. Ọmọ á yó, ọmọ á sùn, ṣùgbọ́n kò ní dàgbà.

Ẹ gbọ́ ìtàn kan. Obìnrin dókítà kan wà tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Cicely Williams. Ó ṣiṣẹ́ ní Gold Coast, ilẹ̀ tí à ń pè ní Gánà lónìí. Ó rí àwọn ọmọ tí ẹsẹ̀ wọn wú, tí irun wọn pọ́n, tí ara wọn ń bó. Ó bi àwọn ìyá wọn léèrè. Àwọn ìyá dá a lóhùn ní èdè Gã pé kwashiorkor ni, àìsàn tó ń mú ọmọ nígbà tí a bá bí àbúrò lé e. Dókítà náà wádìí ohun tí àwọn ọmọ náà ń jẹ. Wọ́n ti gba ọmú lẹ́nu wọn, ẹ̀kọ àgbàdo ni wọ́n ń fún wọn dípò rẹ̀. Ní 1933, ó kọ̀wé nípa àìsàn náà. Lónìí, gbogbo dókítà ayé ló mọ orúkọ tí àwọn ìyá Gã fún un.

Ẹ̀kọ́ wo la rí kọ́ níbẹ̀? Ẹ̀kọ lásán kò lè rọ́pò ọmú. Ẹ jẹ́ kí ẹ̀kọ ọmọ ki. Bí ẹ bá fi ṣíbí bù ú, kó dúró lórí ṣíbí, kó má ṣàn dànù. Lẹ́yìn náà, ẹ fi nǹkan kún un:

— ẹ̀pà tí a yan, tí a sì lọ̀ kúnná;
— tàbí ẹ̀wà sọ́yà tí a yan, tí a sì lọ̀;
— tàbí ẹja gbígbẹ tí a yọ egungun rẹ̀, tí a gún;
— tàbí ẹyin tí a pò mọ́ ọn nígbà tó ń hó lórí iná;
— tàbí wàrà.

Ẹ lè fi epo pupa ṣíbí kékeré kan sí i. Ọmọ oṣù 6 sí 8 yẹ kó jẹun lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹta lójúmọ́. Láti oṣù 9, kó jẹ ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta tàbí lẹ́ẹ̀mẹrin, pẹ̀lú ìpápánu díẹ̀.

Ẹ fi ife àti ṣíbí fún ọmọ. Ẹ fi bíbérọ̀n sílẹ̀. Ó ṣòro láti fọ inú rẹ̀ àti orí rẹ̀ kó mọ́ pátápátá. Ìdọ̀tí díẹ̀ tó kù nínú rẹ̀ ni kòkòrò àìsàn fi ń bímọ. Ife lẹ́nu gbòòrò, ọwọ́ wọ inú rẹ̀, ó sì rọrùn láti fọ̀.

3. Omi ni ọba ohun mímu

Láti ọdún 1 lọ, omi tó mọ́ ni ohun mímu tó dára jù fún ọmọ. Bí òùngbẹ bá ń gbẹ ọmọ, omi ni kí ẹ kọ́kọ́ nawọ́ sí.

Ṣé omi yín mọ́? Omi tó ń dán kì í ṣe omi tó mọ́ dandan. Kòkòrò àìsàn kéré ju ohun tí ojú lè rí lọ. Ní Àjàṣẹ́, SONEB ń pín omi ẹ̀rọ. Síbẹ̀, kànga wà ní ọ̀pọ̀ agbo ilé. Bí ṣáláńgá bá sún mọ́ kànga, ìdọ̀tí á gba inú ilẹ̀ dé ibẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ó jìnnà sí i, ó kéré tán mítà 15. Kí ṣáláńgá má sì wà ní apá òkè, kí kànga wá wà ní apá ìsàlẹ̀.

Ọ̀nà mẹ́ta nìyí tí a lè gbà sọ omi di mímọ́ fún ọmọ:

Ọ̀nà kìíní: Ẹ se é. Ẹ jẹ́ kó hó kùtùkùtù fún ìṣẹ́jú kan, ó kéré tán. Ẹ dé e, ẹ jẹ́ kó tutù fúnra rẹ̀.

Ọ̀nà kejì: Ẹ lo oògùn omi. Bí omi bá dọ̀tí, ẹ kọ́kọ́ fi aṣọ funfun tó mọ́ sẹ́ ẹ. Ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sára oògùn náà, kí ẹ mọ iye lítà omi tó wà fún. Ẹ fi sí i. Ẹ dúró fún ìṣẹ́jú 30 kí ẹnikẹ́ni tó mu ún.

Ọ̀nà kẹta: Ẹ lo oòrùn. Ẹ rọ omi tó mọ́lẹ̀ kedere sínú ìgò ṣiṣu funfun tí kò tóbi. Ẹ tẹ́ ẹ sínú oòrùn, orí páànù dára. Bí oòrùn bá mú, wákàtí 6 tó. Bí òjò bá ṣú, ẹ fi í síbẹ̀ fún ọjọ́ 2.

Omi tí a ti sọ di mímọ́ tún lè bàjẹ́ nínú ilé. Ẹ tọ́jú rẹ̀ sínú ìkòkò tàbí kẹ́ẹ̀gì tó ní ìdérí. Ẹ fi ife onígbọ̀ọ́wọ́ gígùn bù ú, kí ìka ọwọ́ má bọ́ sínú rẹ̀. Ẹ kọ́ àwọn ọmọ pé ife bíbu yàtọ̀ sí ife mímu. Ẹ fi ọṣẹ fọ ọwọ́ kí ẹ tó fún ọmọ ní ohunkóhun.

Ẹ rántí pé yìnyín kì í pa kòkòrò àìsàn. Bí wọ́n bá fi omi tí kò mọ́ ṣe yìnyín, kòkòrò wà láàyè nínú rẹ̀. Bísápù tí wọ́n sè dáadáa lè bàjẹ́ nítorí yìnyín tí wọ́n jù sínú rẹ̀ lẹ́yìn náà.

4. Ohun mímu dídùn

Ẹlẹ́rìndòdò dùn lẹ́nu. Kí ló mú un dùn? Ṣúgà ni. Ìgò kékeré kan, ti sẹ̀ǹtílítà 33, sábà máa ń ní ṣúgà bíi gíráàmù 35. Ìyẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ṣíbí kékeré 9. Ẹ bu ṣíbí ṣúgà 9 sínú ife omi lójú ara yín, kí ẹ wò ó. Ṣé ẹ lè gbé e fún ọmọ ọdún kan ààbọ̀? Nígbà tó bá wà nínú ìgò aláwọ̀ pupa, a máa ń gbàgbé.

Kí ni ṣúgà yẹn ń ṣe? Ó ń jẹ eyín ọmọ. Ó ń kún ikùn rẹ̀, ọmọ á kọ oúnjẹ gidi. Ó ń jẹ́ kí ohun dídùn mọ́ ọmọ lára, débi pé yóò kọ omi lásán. Bó bá dàgbà, ó lè sanra jù, ó sì lè ní àìsàn ìtọ̀ ṣúgà. Ní 2023, Àjọ Ìlera Àgbáyé, OMS, sọ ọ́ gbangba: ọmọ oṣù 6 títí dé ọdún 2 kò gbọdọ̀ mu ohun mímu tí a fi ṣúgà sí.

Omi èso ńkọ́? Ẹ má fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan. Lẹ́yìn ìyẹn, díẹ̀ ni, lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ọsàn fúnra rẹ̀ dára ju omi ọsàn lọ. Ẹ bó ọsàn, ẹ yọ kóró rẹ̀, kí ọmọ jẹ ẹ́. Màńgòrò, ìbẹ́pẹ, ọ̀gẹ̀dẹ̀, gbogbo wọn wà ní àyíká wa.

Àwọn kan máa ń ra ẹlẹ́rìndòdò fún ọmọ láti fi ìfẹ́ hàn. Àlejò náà máa ń mú un wá. Kò yẹ kí a dójú ti àlejò. Ẹ gbà á, ẹ dúpẹ́, ẹ gbé e fún àwọn àgbà. Bí ẹni náà bá jẹ́ ará ilé, ẹ sọ fún un pé, “Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n. Bó bá di ìgbà mìíràn, ẹyin tàbí ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni kí ẹ bá wa mú wá fún ọmọ yín.” Kò ní bínú.

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò díẹ̀. Ká ní ìgò ẹlẹ́rìndòdò kan jẹ́ 300 fáráǹ. Bàbá ra ìgò 3 lọ́sẹ̀ kan. 300 lọ́nà 3 jẹ́ 900 fáráǹ. Ní ọ̀sẹ̀ 4, ó di 3600 fáráǹ. Ká ní ẹyin kan jẹ́ 100 fáráǹ. Owó yẹn á ra ẹyin 36. Ọmọ á jẹ ẹyin kan lójúmọ́ fún oṣù kan, á sì ṣẹ́kù. Ẹ fi iye owó tó wà ní ọjà tiyín ṣe ìṣirò náà.

5. Ẹ ka ara agolo

Èyí ni èrè ìwé tí ẹ kọ́. Èdè Faransé ni wọ́n fi kọ ọ̀pọ̀ agolo tó wà ní ọjà wa. Ẹ kò nílò láti gbọ́ gbogbo Faransé. Ọ̀rọ̀ díẹ̀ tó:

Sucré: wọ́n ti fi ṣúgà sí i.
Non sucré: wọn kò fi ṣúgà sí i.
Lait concentré sucré: wàrà kíki tó ní ṣúgà. Ṣúgà pọ̀ gan-an nínú rẹ̀. Kì í ṣe oúnjẹ ọmọ ọwọ́. Bí ẹ bá po ó mọ́ omi, omi ṣúgà lẹ fún ọmọ.
Matière grasse végétale: wọ́n ti yọ ọ̀rá wàrà kúrò, wọ́n fi òróró igi tàbí ewéko rọ́pò rẹ̀.
À consommer avant: ẹ lò ó kí ọjọ́ yìí tó kọjá. Ẹ wo ọjọ́, oṣù àti ọdún.

Níbi tí wọ́n kọ Ingrédients sí, ohun tó pọ̀ jù ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ kọ. Bí ẹ bá rí eau, kí sucre tẹ̀ lé e, omi àti ṣúgà lẹ fẹ́ fowó rà, bí wọ́n tilẹ̀ ya àwòrán ọsàn sára rẹ̀.

Ẹ má jẹ́ kí àwòrán ọmọ tó sanra lára agolo tàn yín jẹ. Ní 1981, àwọn orílẹ̀-èdè ayé péjọ sí Geneva, wọ́n ṣe òfin lórí bí a ṣe ń ta wàrà agolo fún ọmọ ọwọ́. Òfin náà ní kí wọ́n má polówó rẹ̀ fún àwọn ará ìlú, kí wọ́n má sì fún ìyá ní ẹ̀bùn rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Kí ló fà á? Ní ọ̀pọ̀ ilẹ̀, àwọn ìyá fi ọmú sílẹ̀ nítorí ìpolówó. Wọ́n fi omi tí kò mọ́ po wàrà agolo, wọ́n sì pò ó kó ṣàn kó má bàa tètè tán. Ọ̀pọ̀ ọmọ ló bá a lọ. Bí ìyá kò bá lè fọ́mọ lọ́mú nítorí àìsàn tàbí ikú, kí ẹ lọ sí ilé ìwòsàn. Wọ́n á sọ irú wàrà tó yẹ àti bí a ṣe ń pò ó.

Ọmọ tó ti pé ọdún kan lè mu wàrà lásán. Bó bá jẹ́ wàrà màlúù tí ẹ rà lọ́wọ́ Fúlàní, ẹ sè é kó hó. Wàrà sọ́yà náà dára bí ẹ bá sè é jinná dáadáa.

6. Ohun tí ọmọdé kò gbọdọ̀ fi kan ẹnu

Tíì àti kọfí: Wọ́n ń lé oorun. Tíì tún ń dí ara lọ́wọ́ láti gba ohun tó ń sọ ẹ̀jẹ̀ di púpọ̀ nínú oúnjẹ. Ọmọ tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kéré á máa rẹ̀.

Ohun mímu agbára inú agolo: Ohun tó wà nínú kọfí wà nínú rẹ̀, ṣúgà sì pọ̀ níbẹ̀. Ó ń mú àyà ọmọ lù kìkì.

Ẹmu, ṣódábì, ọtí èyíkéyìí: Àwọn kan máa ń fún ọmọ ní ṣódábì díẹ̀ nítorí inú rírun tàbí aràn. Ọtí kì í pa aràn. Díẹ̀ lójú àgbà jẹ́ púpọ̀ lára ọmọ. Ó lè mú ọmọ sùn, kó má jí mọ́.

Kpayo, epo òyìnbó, omi jáfẹ́ẹ̀lì tí a fi ń fọṣọ, sódà ọṣẹ: Ẹ gbọ́ èyí dáadáa. A máa ń rọ epo sínú ìgò tí ọmọ mọ̀ sí ìgò ohun mímu. Òùngbẹ gbẹ ọmọ, ó rí ìgò nílẹ̀, ó gbé e sẹ́nu. Ẹ má rọ epo sínú ìgò ohun mímu láé. Bó bá jẹ́ òwò yín ni, ẹ jẹ́ kí ibi ìtajà jìnnà sí ibi tí ọmọ ń ṣeré. Nínú ilé, ẹ gbé e sókè, ẹ ti ìlẹ̀kùn.

Bí ọmọ bá ti mu epo ńkọ́? Ẹ má mú un bì. Ẹ má fún un ní epo pupa. Ẹ má rọ ọ́ ní wàrà. Bó bá ń bì, epo náà lè gba ọ̀nà èémí lọ sínú ẹ̀dọ̀fóró, ibẹ̀ ló ti ń pani. Ẹ gbé ọmọ lọ sí ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀. Ẹ mú ìgò náà dání, kí dókítà lè mọ ohun tó mu.

7. Nígbà tí inú bá ń ṣu ọmọ

Ìgbẹ́ gbuuru ń fa omi àti iyọ̀ jáde lára ọmọ. Bí omi bá tán lára, ọmọ á kú. Àwọn kan ní kí a má fún un ní omi, kí ìgbẹ́ lè dá. Àṣìṣe ńlá ni. Igbá tó ń jò, ṣé a kì í rọ omi sí i kó má bàa gbẹ?

Ní 1971, ogun lé ọ̀kẹ́ àìmọye ènìyàn kúrò ní Bangladesh wọ ilẹ̀ Íńdíà. Kọ́lẹ́rà wọ inú àgọ́ wọn ní Bangaon. Omi tí à ń fà sí iṣan tán. Dókítà Dilip Mahalanabis àti àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ po ṣúgà, iyọ̀ àti sódà mọ́ omi, wọ́n sì kọ́ àwọn ará ilé aláìsàn láti máa fún un mu. Kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, nínú aláìsàn 100, bíi 30 ló ń kú. Lẹ́yìn rẹ̀, àwọn tó ń kú kò tó 4 nínú 100. Ìyá, bàbá àti ẹ̀gbọ́n tí kì í ṣe dókítà ló gba ọ̀pọ̀ ẹ̀mí là níbẹ̀.

Oògùn yẹn ni à ń pè ní SRO lónìí. Ó wà ní ilé ìwòsàn àti ilé oògùn. Ẹ da ọ̀rá SRO kan sínú omi mímọ́ lítà 1, bí wọ́n bá kọ lítà 1 sára rẹ̀. Bí ẹ kò bá rí SRO, ẹ ṣe é báyìí:

— omi mímọ́, lítà 1;
— ṣúgà, ṣíbí kékeré 6 tí orí rẹ̀ tẹ́jú;
— iyọ̀, ìlàjì ṣíbí kékeré tí orí rẹ̀ tẹ́jú.

Ẹ rò ó pọ̀. Ẹ tọ́ ọ wò. Kò gbọdọ̀ níyọ̀ ju omijé lọ. Bó bá níyọ̀ jù, ẹ dà á nù, ẹ tún un ṣe. Bó bá di ọjọ́ kejì, ẹ dà á nù, ẹ ṣe tuntun.

Lẹ́yìn ìgbẹ́ kọ̀ọ̀kan, ọmọ tí kò tíì pé ọdún 2 á mu ìdámẹ́rin ife ńlá sí ìlàjì rẹ̀. Ọmọ tó ju bẹ́ẹ̀ lọ á mu ìlàjì sí ife kan. Ẹ fún un díẹ̀díẹ̀. Bó bá bì, ẹ dúró fún ìṣẹ́jú 10, kí ẹ tún bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ẹ má dá ọmú dúró. Ẹ má dá oúnjẹ dúró. Ẹ béèrè oògùn síńkì ní ilé ìwòsàn, kí ọmọ lò ó fún ọjọ́ 10 sí 14.

Ẹlẹ́rìndòdò kò lè rọ́pò SRO. Ṣúgà inú rẹ̀ pọ̀ jù, ó lè mú kí ìgbẹ́ náà le sí i.

Bí ẹ bá rí ọ̀kan nínú nǹkan wọ̀nyí, ẹ má dúró nílé mọ́: ojú ọmọ jìn wọnú, kò lè mu omi tàbí ọmú, gbogbo ohun tó mu ló ń bì, ẹ̀jẹ̀ wà nínú ìgbẹ́, ara rẹ̀ gbóná, ó ń sùn jù, kò sì fẹ́ jí. Ẹ máa fún un ní SRO lójú ọ̀nà bí ẹ ṣe ń lọ.

8. Ẹ kọ èyí sára ògiri

Ọjọ́ ìbí sí oṣù 6: ọmú nìkan.
Oṣù 6 sí ọdún 2: ọmú, omi mímọ́, ẹ̀kọ tó ki tó sì lókun.
Ọdún 2 sí 5: omi mímọ́ lójoojúmọ́, wàrà lásán bó bá wà, ẹ̀kọ tó lókun. Bísápù tàbí wàrà dídì: ọjọ́ ọdún, kì í ṣe ojoojúmọ́.
Láé: ọtí, tíì, kọfí, ohun mímu agbára.
Kpayo: kó jìnnà sí ọmọ.

Ọmọ kì í gbé owó lọ sọ́jà. Ohun tí a bá gbé lé e lọ́wọ́ ló ń mu. Ẹ jẹ́ kí ohun tí a ó gbé lé e lọ́wọ́ jẹ́ ohun tí yóò mú un dàgbà tó fi máa sin wá.

Ìbéèrè

1. Kí nìdí tí ọmọ oṣù mẹ́ta kò fi nílò omi, bí oòrùn tilẹ̀ mú?
2. Báwo ni ìyàwó inú ẹ̀kọ́ yìí ṣe dá ìyá ọkọ rẹ̀ lóhùn? Ẹ̀yin ńkọ́, báwo lẹ ṣe máa sọ ọ́?
3. Kí ni àwọn ìyá Gã ń pè ní kwashiorkor?
4. Ṣíbí ṣúgà mélòó àti iyọ̀ mélòó la ń fi sí omi lítà 1?
5. Ọmọ aládùúgbò yín mu kpayo. Ìyá rẹ̀ fẹ́ fún un ní epo pupa. Kí lẹ máa sọ fún un?

Iṣẹ́ láti ṣe

Ẹ mú agolo tàbí ọ̀rá ohun mímu kan tó ti ṣófo wá sí kíláàsì. Ẹ wá ọ̀rọ̀ sucre tàbí sucré lára rẹ̀. Ẹ wá ọjọ́ tí yóò bàjẹ́. Ẹ kọ wọ́n sínú ìwé yín. Bí ẹ bá délé, ẹ ka abala kẹjọ sétí ẹnì kan tí kò tíì mọ̀wé kà.